Aṣọ Tí Sísọ́ọ̀sì Kò Gbọdọ̀ Kàn

Wọ́n ní bí ara ìyá kò bá yá, àwọn ọmọ a máa súnmọ́ ara wọn. Ti Cecilia, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mama, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Àìsàn rẹ̀ ló tú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ká.

Ibà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òjò ọdún tó kọjá pọ̀, ẹ̀fọn ìlú Uso kò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé. Mama ní ibà lásán ni, agbo ni òun ó mu sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbo kò ṣe nǹkan kan, tí Mama bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ewúrẹ́ kan tó sọnù láyé àtijọ́, àwọn aládùúgbò gbé e sínú mọ́tò, ó di ọsibítù kan ní Ọ̀wọ̀. Wọ́n fa omi sí i lára. Àwọn tó wá kí i ń fi ohùn ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀, bí a ti ń ṣe ní ilé òkú.

Ambrose ló kọ́kọ́ dé. Òun ni àkọ́bí, òṣìṣẹ́ ìjọba ni ní Àkúrẹ́, ọkùnrin tí kì í gbàgbé táì rẹ̀ sílé bí oòrùn tilẹ̀ ń pa ewé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ létí.

"Màámi, bí ó bá di pé ẹ lọ, ẹ̀gbẹ́ Bàbá ní Idogun ni ká tẹ́ yín sí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," ni Mama wí láàárín ibà.

Ambrose nu ojú rẹ̀, ó jáde lọ ra omi. Kó tó padà dé, Abigail, àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ti wọlé. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ létí.

"Màámi, Uso ni wọ́n ti sàmì fún yín. Ibẹ̀ náà ni a ó sin yín sí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi."

Ṣé ẹ rí i báyìí? Obìnrin yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé rárá láti kékeré. Ọmọ Áńgílíkà ni ní Uso. Nígbà tí Sylvanus, ọmọ Àgùdà láti Idogun, wá fẹ́ ẹ, tó bi í bóyá yóò máa bá òun lọ sí Mísà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ bi í bóyá yóò di ṣọ́ọ̀ṣì ilé mú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sì mú ìlérí méjèèjì ṣẹ! Gbogbo ọjọ́ Àìkú ayé rẹ̀, ìsìn àkọ́kọ́ ti Áńgílíkà ni yóò kọ́kọ́ lọ, bí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, yóò gbé báàgì rẹ̀, ó di Mísà. Ambrose tẹ̀lé ti bàbá rẹ̀, Abigail tẹ̀lé ti ìdílé ìyá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá ẹnìkejì jà nítorí rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Màámi yóò wọ ọ̀run láti ẹnu ọ̀nà méjì.

Nígbà tí ibà náà lọ sílẹ̀, tí Mama lajú, ohùn àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbọ́ lókè orí.

"Màámi fúnra wọn ló fi ẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi!"

"Irọ́ lẹ pa, Bọ̀ọ̀dá. Èmi ni wọ́n sọ fún."

Nọ́ọ̀sì tó ń pààrọ̀ omi dúró gbagidi. Àbúrò pe ẹ̀gbọ́n ní òpùrọ́ lójú àlejò. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọ̀rọ̀ ìsìnkú. Ó yẹ kí Mama sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohùn kan sì sọ ọ́ sí i lọ́kàn kedere pé kí ó sọ òtítọ́: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin méjèèjì ni mo dá lóhùn bẹ́ẹ̀ ni." Ṣùgbọ́n ojú tì í, ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ń wù mí jẹ."

Gbogbo wọ́ọ̀dù pariwo ògo ni fún Ọlọ́run. Wọ́n wá ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó ní kí wọ́n fi epo sí i. Ẹni tí wọ́n ti ń sunkún rẹ̀ padà sí Uso lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìjà nìkan ni kò rí ìwòsàn.

Láti ọjọ́ náà, Ambrose kò bá Abigail sọ̀rọ̀ mọ́, Abigail náà kò sì wá a. Ẹ sì mọ̀ pé ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ ni Uso wà. Bí Ambrose bá ti Àkúrẹ́ wá lọ́jọ́ Àìkú kan, Abigail yóò jókòó sí Ọ̀wọ̀ di ọjọ́ Àìkú mìíràn. Bí Abigail bá kó ọsàn wá, tí Ambrose bá gbọ́ pé òun ló kó o wá, yóò ní òun kì í jẹ ọsàn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé orí igi ọsàn ló ti dàgbà! Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ọ̀kan wá ní òwúrọ̀, èkejì wá ní ìrọ̀lẹ́, Mama sì gún iyán lẹ́ẹ̀mejì. Apá rẹ̀ dùn ún di ọdún tuntun.

Ikú kọ́ ló ń ba Mama lẹ́rù, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbọ́. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀run, ẹ ó rò pé ilé ọkọ ló ń sọ, ibi tí èèyàn ti mọ ẹni tí yóò gba ẹrù lórí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Mo ti di ẹrù mi," ni ó máa ń wí fún ẹni tó bá kí i pé kó pẹ́ fún wa. Ohun tí kò jẹ́ kó fọkàn balẹ̀ ni pé bí òun bá dé ọ̀hún, Sylvanus yóò béèrè pé, "Cecilia, àwọn ọmọ wa ńkọ́?" Kí ni òun ó wá sọ? Wọn kì í parọ́ níbẹ̀. Kí àwọn méjèèjì tún jókòó ti àwo iyán kan náà kí òun tó lọ, ìyẹn nìkan ni Mama ń tọrọ.

Nínú ẹrù tó ti dì yẹn, aṣọ kan ló ṣe pàtàkì jù. Ìyá rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun ún lórí òfì tó nà ró lára ògiri ilé, bí àwọn obìnrin ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ ti ń hun ún. Funfun ni, ó ki, ó ní ìlà aró tẹ́ẹ́rẹ́ létí. Aṣọ tí yóò fi wọlẹ̀ ni. Ní agbo ilé wọn, òfin aṣọ náà kò ju ẹyọ kan lọ: sísọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kàn án. Odindi ló ti orí òfì bọ́, odindi ni yóò bá ẹni tó ni ín lọ. Inú àpótí onígi ló wà pẹ̀lú káńfọ̀, Mama a sì máa yọ ọ́ sá lóòrẹ̀kóòrẹ̀. Ambrose ti jẹ pàṣán nítorí rẹ̀ rí, nígbà tó wà lọ́mọdé, tó fi ọwọ́ tó kún fún epo kàn án. Abigail dúró wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, òun náà sì jẹ tirẹ̀ nítorí ẹ̀rín.

Mama gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Ọlọ́run. "Olúwa, Idogun ni àbí Uso?" Ó kúnlẹ̀ béèrè lọ́nà ti Áńgílíkà, ó mú rosárì béèrè lọ́nà ti Àgùdà, bóyá ọ̀nà kan ló dí. Ọlọ́run kò fèsì. Ọlọ́run tó ti ń tọ́ ọ sọ́nà láti ìgbà ọmọge, tó fi sí i lọ́kàn pé kó má ta oko bàbá rẹ̀, tó jí i kó gbàdúrà fún Ambrose lọ́jọ́ tí mọ́tò rẹ̀ fẹ́ dojú dé, dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó dun Mama. Ó wá mú ọ̀pá rẹ̀, ó gba ilé Alùfáà lọ.

Alùfáà Isaiah kò tíì dàgbà púpọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì pé ojú, ṣùgbọ́n ara Uso fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ìwàásù rẹ̀ kì í gùn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mama, ẹ dákun, ẹ má fi mí ṣe adájọ́. Bí mo bá ní Idogun, ìjọ mi á lé mi. Bí mo bá ní Uso, Fadá á ní mo jí àgùntàn òun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan."

"Ẹ bi mí, Bàbá Alùfáà."

"Kí ni ohun tí Ọlọ́run sọ fún yín kẹ́yìn, tí ẹ kò tíì ṣe?"

Mama tẹjú mọ́ ìdí ọ̀pá rẹ̀.

"Nítorí bí Ó ti ń ṣe sí èmi náà nìyẹn," ni Alùfáà wí. "Bí Ó bá rán mi níṣẹ́, tí n kò bá jẹ́ ẹ, kì í rán mi ní òmíràn. Á kàn máa wò mí."

Mama kò dúró mu mínírà tí ìyàwó Alùfáà gbé wá. Ó bínú dé ilé. Ọmọdé ànáàná yìí! Ta ló bi í ní ìyẹn? Ibi tí wọ́n máa sin òun sí ni òun béèrè, òun kò ní kó tú ikùn òun wò. Ṣùgbọ́n kò lè tan ara rẹ̀ jẹ. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti mọ ohun tí wọ́n rán òun. Ẹ̀rù ló ń bà á. Àwọn ọmọ tí òun fi pàṣán kọ́ pé irọ́ kò dára, òun ó wá jókòó níwájú wọn kí òun ní ẹnu òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí Ṣèyíọlá fi bímọ.

Ṣèyíọlá ni ọmọ Abigail. Nọ́ọ̀sì ni, Kingsley ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ olùkọ́ ní Pólì Ọ̀wọ̀. Ọmọbìnrin làǹtìlanti ni wọ́n bí, wọ́n pè é ní Ọmọ́lẹ́yẹ, wọ́n sì ní Uso ni àwọn ó ti ṣe ìsàmì fún un kí Mama lè fojú rí i. Ayọ̀ gba inú ilé kan. Mama jó. Ẹni tí ibà fẹ́ gbé lọ jó yí àdògán ká.

Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà ní ẹ̀gún nínú. Abigail wá láti ṣètò oúnjẹ, bó sì ti ń ka ìkòkò tó wà nílẹ̀ ló dẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n gbé aṣọ yẹn lọ sí Ọ̀wọ̀, kí n bá yín tọ́jú rẹ̀."

"Aṣọ wo?"

"Ẹ mọ èyí tí mò ń wí. Bí ó bá wà lọ́wọ́ mi, ọkàn mi á balẹ̀. Ẹni kan lè gbé e gba Idogun lọ."

"Ẹni kan yẹn kò ní orúkọ ni? Inú ulé mi ni aṣọ mi wà, Abigail."

Abigail kò tíì dé Ọ̀wọ̀ tí fóònù fi dún. Ambrose ni. Ó kí ìyá rẹ̀ dáadáa, ó béèrè ẹsẹ̀, ó béèrè ẹ̀yìn, ó béèrè ìríran. Lẹ́yìn náà ó ní, "Màámi, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé aṣọ yẹn jáde o. N ó wá mú un fúnra mi."

Mama gbé fóònù sílẹ̀. Ó lọ jókòó síwájú àpótí, ó ṣí i. Káńfọ̀ ta sí i nímú. Òun ń mí, òun ń jẹun, òun jó lánàá, wọ́n sì ti ń pín aṣọ òun! Ó rántí ìwé kíkà ọjọ́ Ẹtì Rere, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n jókòó sábẹ́ àgbélébùú, tí wọ́n ń ṣẹ́ gègé lórí ẹ̀wù Olúwa nítorí pé kò ní ojú rírán, wọn kò sì fẹ́ fà á ya. Wọ́n mú aṣọ, wọn kò rí ẹni tó ni aṣọ. Mama tẹjú mọ́ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di ẹ̀rín tó mú kó di àpótí mú.

Kò gbọ́ ohùn kankan. Ẹ̀rín yẹn náà ni ìdáhùn. Gbogbo ìgbà tó ń bi Ọlọ́run ní ibi tí ara òun máa sùn sí, kò bi í lẹ́ẹ̀kan nípa àwọn ọmọ tí yóò dúró létí ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀wọ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Afeezat tó máa ń rán aṣọ ọmọdé. Afeezat tú ìdì náà, ó fọwọ́ pa á, ojú rẹ̀ yí padà.

"Mama, aṣọ yìí... ṣé kì í ṣe aṣọ òkú?"

"Aṣọ mi ni. Ṣé òkú ni ò ń wò yìí?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, Mama. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń rán aṣọ nílùú yìí mọ irú rẹ̀. Wọn kì í gé e. Ẹ má fi ọwọ́ mi ṣe é."

"Mú sísọ́ọ̀sì rẹ wá," ni Mama wí.

Mama fúnra rẹ̀ ló gé e. Ó rántí ìyá rẹ̀ lórí òfì, ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀, ó sì sọ lọ́kàn pé, "Ìyá mi, ẹ foríjì mí. Ẹ ti wà níbi tí wọ́n ti ń wọ èyí tó dára jù ú lọ." Nígbà tí aṣọ náà ya, ó ní ohùn tó dùn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń bó háhá kúrò lára àgbàdo. Ó ní kí Afeezat fi rán ẹ̀wù ìsàmì, kó fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ tó rọ̀ sí i nínú kó má baà họ ọmọ lára. Kó fi rán fìlà kan fún ọkùnrin olórí ńlá. Kó fi rán ìborùn kan fún obìnrin. Kó sì fi èyí tó kù ṣe ọ̀já.

"Mama, kí ló wá kù fún ẹ̀yin?" ni Afeezat béèrè.

"Fún èmi kẹ̀? Àbí o rò pé ìhòhò ni wọ́n ń rìn lọ́hùn-ún?"

Afeezat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò gba owó gọbọi lọ́wọ́ Mama, ó sì rán an dáadáa.

Ó wá ku bí Ambrose yóò ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì Uso. Ó ti sọ pé bí Abigail bá wà níbẹ̀, òun kò ní sí níbẹ̀. Mama pè é.

"Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi ń dùn mí. N kò rí ẹni gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú."

Ambrose mọ ọjọ́ Àìkú tí í ṣe. "N ó gbé yín débẹ̀, Màámi. Ṣùgbọ́n inú mọ́tò ni n ó jókòó sí o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," ni Mama wí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, ojú ọ̀run mọ́, òjò òru ti fọ gbogbo ewé kòkó tó wà lẹ́yìn ilé. Ṣèyíọlá àti Kingsley ti sùn sílé Mama, wọ́n sì ti mọ ohun tí Mama ń gbèrò. Mama wọ ẹ̀wù náà fún ọmọ nínú yàrá, ó fi ṣáàlì bò ó mọ́lẹ̀ dé ọrùn. Ambrose dé pẹ̀lú táì rẹ̀. Ó gbé gbogbo wọn, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì páàkì sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì. Abigail wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú gèlè tó ga. Ó rí mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó yíjú sí ara ògiri. Ambrose yí gíláàsì mọ́tò rẹ̀ sókè.

Mama sọ̀ kalẹ̀. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ Ṣèyíọlá, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó ké.

"Yéè, ẹsẹ̀ mi! Ambrose, gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi kó má baà já bọ́!"

Ọmọ wo ni yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò jókòó? Ambrose já jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ọmọ. Ṣáàlì yọ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Ambrose bojú wo ọmọ. Ó wo ẹ̀wù. Ó rí ìlà aró tẹ́ẹ́rẹ́ tó lọ létí rẹ̀, ìlà tó ti jẹ pàṣán nítorí rẹ̀, tí kò sì lè ṣì mọ̀ láéláé.

"Yéè!" ni ó ké. "Abigail! Abigail, sáré wá! Wá wo ohun tí Màámi ṣe!"

Abigail gbàgbé pé òun ń bínú. Ó gbá ìró rẹ̀ mú, ó sáré. Ó rí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lérí, gèlè wọ́.

"Bọ̀ọ̀dá! Aṣọ Màámi! Ta ló gé aṣọ Màámi?"

"Wọ́n gé e, Abigail! Wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e!"

"Háà, Màámi! Kí lẹ ṣe báyìí? Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wọn wí!"

"Àbúrò mi, kí ni n ó wí? Ojú mi rèé!"

Àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n jọ kọjú sí ìyá wọn, wọ́n jọ ń bá a wí, ohùn wọn ń kọ lu ara wọn bí ti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọdé tí wọ́n jọ ń rojọ́ aládùúgbò. Mama jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ dáadáa. Ohùn ọ̀hún dùn ún létí ju orin lọ. Omi ti lé ròrò sí i lójú.

Nígbà tó ṣe, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè.

"Ẹ ti sọ tiyín. Ó ku tèmi. Lọ́jọ́ tí mo wà ní ọsibítù, Ambrose bi mí léèrè, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Abigail bi mí léèrè, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí òpùrọ́ nínú yín. Èmi ni. Mo gbọ́ ọ nígbà tí ẹ ń jà lórí mi, mo lajú kalẹ̀, mo sì béèrè ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ojú ló tì mí. Ẹ foríjì mí, ẹ̀yin ọmọ mi."

Ọmọ tó wà lọ́wọ́ Ambrose yán. Lẹ́yìn náà Abigail kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù náà pẹ̀lú aṣọ tuntun rẹ̀, iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì kúnlẹ̀ sí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo pè yín ní òpùrọ́."

"Dìde," ni Ambrose wí. "Dìde, Abigail. Èmi náà pè ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn mi, ìgbà tó pọ̀ ju tìrẹ lọ."

Mama ṣí báàgì rẹ̀. Ó fi fìlà dé Ambrose lórí, ó fi ìborùn kọ́ Abigail lọ́rùn, ó sì fi ọ̀já lé Ṣèyíọlá lọ́wọ́. Ambrose fọwọ́ kan fìlà náà bí ẹni tó ń bẹ̀rù pàṣán.

"Màámi," ni Abigail wí, omijé àti ẹ̀rín jọ wà lójú rẹ̀, "kí ni a ó wá fi sin yín? Níbo sì ni?"

"Ẹ fi èyí tó bá mọ́ tónítóní. Ní ti ibi tí ẹ ó sin mí sí, ibi tí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni. Àjíǹde kì í bi èèyàn léèrè pé ìlú wo lo ti dìde. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá fohùn ṣọ̀kan, èmi kò kú o. Ibí yìí ni n ó jókòó sí."

Aago ṣọ́ọ̀ṣì lù. Ambrose, ọmọ Àgùdà, kò rántí inú mọ́tò mọ́. Òun ló gbé ọmọ wọlé, ìjókòó iwájú ni òun àti Abigail jọ jókòó sí. Alùfáà Isaiah rí fìlà, ó rí ìborùn, ó rí ẹ̀wù, ó wo Mama. Mama gbójú kúrò. Nígbà tí omi kan Ọmọ́lẹ́yẹ lórí, kò sunkún, ṣùgbọ́n ó tọ̀. Ó tọ̀ dáadáa, ó rin gbingbin, aṣọ tí epo kò gbọdọ̀ kàn láyé àtijọ́. Mama ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà gbogbo ìjọ.

Nígbà tí wọ́n délé, Mama gún iyán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iṣu Idogun ni, Ambrose ló kó o wá, Abigail ló sì se ọbẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó ti àwo kan náà, wọ́n ń bọwọ́ sí i, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọ̀kan ń fi ẹsẹ̀ ta èkejì bí ọmọdé. Mama wò wọ́n láti orí àga rẹ̀. Ó sọ lọ́kàn pé, "Sylvanus, mo ti ní èsì." Ọkàn rẹ̀ kún. Bí wọ́n bá pè é nísinsìnyí, yóò dìde lọ.

Bóyá ó hàn lójú rẹ̀, n kò mọ̀. Ambrose gbójú sókè, ó rí i bó ṣe ń wò wọ́n, ó sì nu iyán kúrò lọ́wọ́.

"Màámi, èmi àti Abigail ti fohùn ṣọ̀kan."

Mama mú ọ̀pá rẹ̀ mọ́ra. "Lórí ibo?"

Ambrose wo Abigail, Abigail wo Ambrose.

"A ti fohùn ṣọ̀kan," ni Abigail wí, "pé a kò tíì ní fohùn ṣọ̀kan."

Mama wò wọ́n títí. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó na àwo tirẹ̀ jáde, ó ní kí wọ́n bu iyán sí i fún òun.